Àpá Tí Kò Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Dúró: Ìtàn Kẹ́lọ́ìdì Láti Ìdí-Àràbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà tí a bá ń kọlà ni oró, bó bá jinná tán, ó di oge. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń di oge. Ẹlòmíì á lu etí, egbò á jinná, àpá rẹ̀ á wá máa wú títí yóò fi tóbi ju ihò etí náà lọ. Kẹ́lọ́ìdì ni àwọn oníṣègùn ń pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Olóòlà tó ń kọlà, tó ń fi omi ìgbín sí ojú egbò, ojú rẹ̀ ni àpá kan ṣe ń tẹ́ tí òmíràn sì ń wú. Síbẹ̀, Alibert, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1806, ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ó kọ́kọ́ fi wé jẹjẹrẹ kó tó yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ní 1962, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, nítòsí Sùúrùlérè àti Múṣin. Oníṣẹ́ abẹ kan níbẹ̀, P. Omo-Dare, tẹ̀ lé ìtàn náà padà sílé. Ní 1973, ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, lórí ipa Yorùbá nínú ìmọ̀ kẹ́lọ́ìdì. Ní 1975, ó gbé òmíràn jáde, lórí bó ṣe ń bá ìdílé rìn.

Kí ló dé tí àpá kan fi ń dúró, tí òmíràn kò dúró? Ní 1961, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead ní Philadelphia fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn kì í pín títí láé. Bó bá ti pín bí ìgbà 50, a gbó, a sì dẹ́kun pípín láìtíì kú. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ogbó yìí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí egbò bá ń jinná, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń hun fọ́nrán líle tí à ń pè ní kólájìnì. Bí egbò bá ti dí, àwọn kan nínú wọn a gbó, wọn a dáwọ́ híhun dúró, ara a sì kó wọn kúrò. Ní 2014, àwọn onímọ̀ yọ irú sẹ́ẹ̀lì tó gbó bẹ́ẹ̀ kúrò lára eku. Egbò eku náà sì pẹ́ kó tó dí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó pẹ́ nínú ara, wọn a máa ba àwọn aládùúgbò wọn jẹ́, ogbó a wá di àrùn.

Nínú kẹ́lọ́ìdì, híhun náà kò dúró. Àpá a ré kọjá ààlà egbò. Ìdí nìyí tí gígé e lásán kì í fi í tó: egbò tuntun ni abẹ ń dá sílẹ̀, ó sì lè hù padà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí àpá máa ń wú nínú ìdílé rẹ̀, kó rò ó dáadáa kó tó lu etí.

Oníṣẹ́ abẹ ló lọ wá ìmọ̀ yìí nínú ìṣe Yorùbá kó tó kan àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè náà. Kí àwọn àgbà olóòlà tó kù tó lọ tán, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi àpá, àti bí wọ́n ṣe ń dá awọ tí kò yẹ kí abẹ kàn mọ̀.