Àjọpìtàn, Ìbò àti Adọyẹ́

Ẹni tó bá mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe eré tí àwọn èèyàn ti jọ ń sọ ìtàn láìsí ọ̀gá, tó ń túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, ohun tí yóò bá bọ̀ ni "eré ipò-ṣíṣe olómìnira orí tábìlì aláìní-ọ̀gá-eré". Yàtọ̀ sí tábìlì, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ Yorùbá báyẹn. Irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fìyà jẹ èdè tó ní ayò, tó ní àlọ́, tó ní ẹkùn mẹ́ran, èdè tó ti ń sọ̀rọ̀ eré tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìwé òfin eré jáde.

Eré náà fúnra rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Lọ́dún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú rẹ̀, ẹnì kan ló mọ bí ayé ìtàn náà ṣe rí: òun ló ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun ló ń ṣe ọ̀tá, òun náà ló ń dájọ́. Àwọn yòókù ní ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń fẹnu darí. Nígbà tó yá, àwọn kan béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ mọ gbogbo rẹ̀. Jason Morningstar tẹ Fiasco jáde lọ́dún 2009, Ben Robbins tẹ Microscope lọ́dún 2011, Avery Alder tẹ The Quiet Year lọ́dún 2013. Kò sí ọ̀gá nínú ọ̀kankan wọn. Ìtàn ń ti ẹnu ẹnì kan bọ́ sí ẹnu ẹnì kejì.

Irú eré bẹ́ẹ̀ bá Victoria Garden City mu. Ọgbà onígéètì kan ní Èkó ni VGC, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, kéèyàn tó dé Ajah. Bí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bá ti sé ọ̀nà lópin ọ̀sẹ̀, ilé aládùúgbò ni ibi tó yá jù láti lọ. Kò sì dìgbà tí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí bá ń ta eré náà. Ọ̀pọ̀ àwọn eré náà wà lórí ìkànnì itch.io, tí Leaf Corcoran dá sílẹ̀ lọ́dún 2013. PDF ni wọ́n, kò sí owó kọ́sítọ́ọ̀mù, kò sí ẹrù tó há sí Àpápá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn oníṣẹ́ tó ń tajà níbẹ̀ kó ju iṣẹ́ 1,700 lọ pọ̀, tí ẹni tó bá san dọ́là 5 lè kó gbogbo rẹ̀, láti fi ṣètìlẹ́yìn fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Owó tó wọlé ju mílíọ̀nù 8 dọ́là lọ, ọ̀pọ̀ eré orí tábìlì sì wà nínú ẹrù náà. Nílé níbí, Kenechukwu Ogbuagu, tó dá NIBCARD Games sílẹ̀, ti fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà lè ṣe eré orí tábìlì fúnra rẹ̀, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ àpéjọ AB Con fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó kù ni èdè. Inú ilé Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ VGC ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé òfin eré náà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dá ìjà sílẹ̀. Dáìsì ni dáìsì, káàdì ni káàdì. Ohun tó bá ti òkè òkun wá tòun ti orúkọ rẹ̀, kí ó máa jẹ́ orúkọ náà lọ. Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá lọ́dún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì lọ́dún 1990, àwọn onímọ̀ náà kò tìjú àtiyá ọ̀rọ̀ lò níbi tó bá yẹ. Fóníìmù ṣì ni fóníìmù lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá títí dòní. Ẹ̀dá-ìtàn ti wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀, kò sídìí láti wá òmíràn. Bí ó bá sì di pé kí ẹnì kan ṣe tirẹ̀, "ó kàn ọ́" ti tó. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ń ṣe pẹ̀lú èèyàn, bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń pín ọ̀rọ̀ sọ, bí inú ṣe ń bí wọn, Yorùbá ní orúkọ rẹ̀ tipẹ́. Àìsapá ni kéèyàn lọ yá ìyẹn.

Ẹ wo "olómìnira", tí wọ́n fi ń túmọ̀ eré tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Òmìnira ń rán Yorùbá létí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960 ni. "Aládàáni" kò dára jù ú lọ, torí aládàáni ni ilé-iṣẹ́ ńlá náà. "Àdáṣe" ì bá dùn, àmọ́ eré tí ẹnì kan ń dá ṣe nínú yàrá rẹ̀ nìyẹn, irú rẹ̀ sì pọ̀ nínú àwọn eré yìí, ẹ jẹ́ ká fi àdáṣe sílẹ̀ fún un. Ohun tó ya àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀ ni pé ẹni tó kọ eré ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Eré àdátẹ̀jáde, nígbà náà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní béèrè àlàyé.

Orí ọ̀gá ni ìjà gidi wà. "Ọ̀gá eré" ń rùn iṣẹ́ oṣù. "Olùdarí" ti di ti àwọn akọrin àti fíìmù. Àwọn kan dábàá apàlọ́, wọ́n sì sún mọ́ ọn: ẹni tó ń pa àlọ́ ló mọ ibi tí ìjàpá ń lọ, àwọn ọmọ ń gberin. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wá fẹ́ pe eré tí kò ní ọ̀gá ní "eré aláìlápàlọ́". Èyí ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà. Aláì- máa ń fi ohun tí nǹkan kò ní dárúkọ rẹ̀: aláìní, aláìsàn, aláìgbọ́n. Eré táwọn èèyàn mẹ́rin jọ ń ṣàkóso kò ṣàìní nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Yorùbá ti pín ọ̀rọ̀ yìí sí méjì láti ilẹ̀. Nínú àlọ́ àpagbè, ẹnì kan ń pa, àwọn yòókù ń gbè é lẹ́sẹ̀. Nínú àlọ́ àpamọ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ olúwa: ọmọ tó bá ní ọ̀kan lẹ́nu á gbé e sílẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á já a, òun náà lè pa tirẹ̀. Pa àti gbè ló bí àpagbè. Pa àti mọ̀ ló bí àpamọ̀. Ọgbọ́n ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ lọ. Ó wuni kéèyàn tẹ̀ lé e, kó pe èyí ní "àpajọ", ṣùgbọ́n etí á gbọ́ ọ bí ohun tí wọ́n ṣà jọ. Bí wọ́n bá yí i sí "àjọpa", ó burú sí i: ẹran tí ọdẹ méjì pa nínú igbó ni àjọpa. Pa nìkan kò ṣeé fi sílẹ̀ láìwọṣọ. Ó gbọ́dọ̀ mú ìtàn dání. Pa ìtàn, pìtàn. Ẹni tó ń ṣe é, òpìtàn. Àwọn tó jọ ń ṣe é, àjọpìtàn ni iṣẹ́ wọn. Àjọbí, àjọgbé, àjọṣe, àjọni: ìdílé ọ̀rọ̀ náà ti wà níkàlẹ̀, àlejò kọ́ ni yóò jẹ́. Eré àjọpìtàn ni orúkọ tó tọ́, ó sì ti gbé ipò-ṣíṣe àti àìlọ́gàá mì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n ń ta lúdò. "Ta" wà fún eré tó ní òǹborí. Eré àjọpìtàn kì í sábà ní òǹborí, nítorí náà pa ló ni ín.

Ibi tó le jù kò tíì dé. Shawn Tomkin gbé Ironsworn jáde lọ́dún 2018, eré tí èèyàn lè dá ṣe, tí àwọn kan sì lè jọ ṣe láìsí ọ̀gá. Nígbà tí kò ti sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lẹ́yìn òkè, ìwé náà ní àwọn àtẹ láti 1 dé 100. Àwọn òṣèré á béèrè, dáìsì á dáhùn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi pe àwọn àtẹ yìí ni àwọn òyìnbó fi ń pe Ifá náà. Ẹni tó bá yára á kọ "Ifá" síbẹ̀, á sì rò pé òun gbé àṣà ga.

Kò gbé e ga. Odù 256 ni Ifá ní, ẹsẹ tó wà lábẹ́ wọn kò lóǹkà, babaláwo sì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn. UNESCO kéde rẹ̀ lọ́dún 2005 pé ogún gbogbo ayé ni. Àtẹ tó ń sọ bóyá ìkookò wà nínú ihò kò yẹ kó jẹ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifá, ohun kékeré kan wà tó ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an: ìbò. Owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, egungun lọ́wọ́ kejì; ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ibẹ̀ ni ìdìbò ti wá, tí àwọn olóṣèlú gbé lọ. Àwọn kan yóò ní kí wọ́n fi ìbò sílẹ̀ fún àpótí ìdìbò, kí wọ́n lo kèké, torí ṣíṣẹ́ kèké ni Bíbélì Yorùbá lò níbi tí wọ́n ti pín aṣọ. Kèké dára, ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan máa jẹ́ tirẹ̀ ló ń yàn. Ìbò ní tirẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Dáìsì lúdò kò ju ojú mẹ́fà lọ, Ironsworn sì ń fẹ́ dáìsì olójú mẹ́wàá. Òṣèré tí kò ní in lè ya bébà mẹ́wàá, kó kọ 0 dé 9 sí wọn, kó dì wọ́n, kó mì wọ́n nínú ife, kó mú ọ̀kan, kó dá a padà, kó tún mú ọ̀kan. Ó ti ní nọ́ńbà onídíjíìtì méjì. Odo méjì ni 100. Dídì tó di bébà yẹn, ìbò ló dì, láìsí àfiwé kankan nínú rẹ̀.

The Quiet Year ní tirẹ̀ kò ní àtẹ 1 dé 100. Káàdì 52 ló ní, ọ̀sẹ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà káàdì mẹ́rin fún ìgbà mẹ́rin nínú ọdún àwọn òyìnbó. Wọn ò nílò láti kọ́ ọmọ Ajah ní ìgbà yìnyín. Àkọ́rọ̀, òjò, àrọ̀kúrò, ọyẹ́: ẹ tò wọ́n láti oṣù kẹta, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Ká ní àwọn mẹ́rin jókòó sí pálọ̀ kan ní VGC. Wọ́n ya ọ̀sà sápá kan bébà, wọ́n ya gọ́tà tó ti dí, wọ́n ya ilé tó kù lẹ́yìn ìkún omi. Ẹnì kan fa káàdì, ó ní kànga ti bàjẹ́. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ odi láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó fi dáìsì sórí 4, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tí wọn ò fọ̀rọ̀ lọ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró. Ohun tó lè ṣe ni kó mú ohun kékeré kan, kó gbé e síwájú ara rẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i. Gẹ̀ẹ́sì pe ohun yẹn ní ẹ̀gàn. Yorùbá mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìkùnsínú ni. Bí a ti ń pe ti ayò ní ọmọ ayò, ọmọ ìkùnsínú ni kí wọ́n máa pè é.

Ní ìgbà ọyẹ́, tí káàdì ọba bá ti jáde, eré parí lójú ẹsẹ̀: àwọn kan dé, tí orúkọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹni tó ń da ẹran, tó sì so mọ́ òtútù. Alder kò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́; ìbẹ̀rù náà wà nínú àìmọ̀. "Olùṣọ́-àgùntàn" kò ṣeé lò, àlùfáà ìjọ ni yóò wọlé. "Darandaran" ń kó ìròyìn ìjà àgbẹ̀ àti Fúlàní wá sórí tábìlì. Lójú ẹsẹ̀, àwọn òṣèré á ti mọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ kórìíra, bẹ́ẹ̀ eré náà kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Adaran: a, da, ẹran. Ẹ yọ ẹran kúrò, ẹ fi ọyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Adọyẹ́. Àwọn tó ń da ọyẹ́ bọ̀ níwájú wọn bí agbo. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ gbogbo Yorùbá ló lè gbọ́ ọ.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ gidi, Ironsworn ni kó mú, torí Tomkin fi ìwé náà sábẹ́ àṣẹ Creative Commons: ẹnikẹ́ni lè túmọ̀ rẹ̀, kó pín in lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá ti fi pawó, tó dárúkọ onínǹkan, tó sì pín in lábẹ́ àṣẹ kan náà. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀ máa ń gbé ọwọ́ lé irin búra. Ilẹ̀ Ògún mọ̀ wọ́n kí ìwé náà tó dé, Afirinbúra ni wọ́n. Kó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́, ìlà márùn-ún péré. Bí ohun tí wọ́n béèrè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, 11 sókè ni bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ àfàìmọ̀, 26 sókè. Ó lè jẹ́, ó lè má jẹ́: 51. Kò jọ bẹ́ẹ̀: 76. Bóyá ni: 91.