RPC: Ìwé Péye, Ọ̀nà Kò Là

Tí wọ́n bá gbé sáfà tuntun lé mi lọ́wọ́, rpcinfo -p ni mo kọ́kọ́ máa ń tẹ̀. Ohun tó ń jáde kò pọ̀: nọ́ńbà ètò kọ̀ọ̀kan àti pọ́ọ̀tù tó wà. Portmapper, 100000, ń bẹ ní 111. NFS tó ń pín fáìlù láàárín kọ̀ǹpútà, 100003, ń bẹ ní 2049. Mountd tó ń gba ẹni tó fẹ́ lo fáìlù NFS wọlé, 100005, ibi tó bá wù ú ló ń wà. Mountd yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìwé lè péye, kó má sì ran ẹni tó ń tún sáfà ṣe lọ́wọ́.

Kí kọ̀ǹpútà kan máa bẹ òmíràn níṣẹ́ bí ẹni ń ṣiṣẹ́ nílé ara rẹ̀, ìyẹn RPC, James White ti kọ ọ́ sínú RFC 707 ní 1976. Bruce Nelson fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Carnegie Mellon ní 1981. Ní 1984, òun àti Andrew Birrell tẹ àlàyé bí wọ́n ṣe mú un ṣiṣẹ́ ní Xerox PARC jáde. Ṣùgbọ́n Sun Microsystems ló gbé e dé ọwọ́ àwa olùtọ́jú sáfà, torí orí RPC ni wọ́n gbé NFS wọn kà.

RFC 1057 ti 1988, tó ṣàlàyé RPC ti Sun, ìwé gidi ni. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń to ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ẹni tó bá ń fẹ́ nọ́ńbà fún ètò rẹ̀ kọ̀wé sí Sun ní Mountain View, California. Ó ṣàlàyé portmapper náà, tó dà bí adènà: àlejò dárúkọ ẹni tó ń wá, adènà júwe yàrá. Nígbà náà, kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti mọ yàrá sórí.

Nígbà tí fáyawọ́ọ̀lù wá gbilẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ yí padà. Nọ́ńbà ni fáyawọ́ọ̀lù ń béèrè. A ṣí 111, a ṣí 2049; mountd tún bẹ̀rẹ̀, ó gba pọ́ọ̀tù mìíràn, gbogbo àwọn tó fẹ́ gbé fáìlù sì há síta. Ojú ìwé mountd kò sì parọ́ o. Àmì -p tí a fi ń dè é mọ́ pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo wà níbẹ̀, láàárín àwọn àmì yòókù, láìkígbe pé òun gan-an lẹ ń wá.

Ní 2003, RFC 3530 tó ṣàlàyé NFS ẹ̀yà kẹrin kó gbogbo iṣẹ́ náà sí 2049, ó yọ mountd kúrò lọ́nà. Àlàyé tó gba ojú ìwé rẹpẹtẹ tẹ́lẹ̀ di ìlà kan. Ní 2009, RFC 5531 gbé pínpín nọ́ńbà kúrò lọ́wọ́ Sun fún IANA.

Sáfà tó ṣì ń lo ẹ̀yà kẹta ṣì wà káàkiri. Tí mo bá ń kọ ìwé atọ́nà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, fáyawọ́ọ̀lù ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: pọ́ọ̀tù tí wọ́n máa ṣí, àṣẹ tí wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, àti ohun tó yẹ kó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ń sọ ohun tí RPC jẹ́.