Ṣé Ojóró Ni Orin Fún Sárésáré?

Ẹni tó bá rò pé Walkman tí Sony gbé jáde ní 1979 ló so orin pọ̀ mọ́ eré ìdárayá kò tíì wo ẹ̀yìn tó. Nínú ọkọ̀ ojú omi ogun àwọn Gíríìkì àtijọ́, afọnfèrè kan wà tó ń mú kí àwọn atukọ̀ jọ fa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti Leonard Ayres ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ṣọ́ ìdíje kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́fà ní New York, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1911: bí ẹgbẹ́ olórin bá ń kọrin, máìlì 19.6 ni wọ́n ń gùn ní wákàtí kan. Bí orin bá dákẹ́, 17.9. Ẹsẹ̀ kan náà, kẹ̀kẹ́ kan náà o!

Ní 2007, àwọn aláṣẹ eré sísá ní Amẹ́ríkà fòfin de íapíìsì. Mo gbè wọ́n: ìlù tí gbogbo pápá ń gbọ́, ti gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n ní Birmingham ní 1998, orin «Scatman» ni wọ́n fi sí i fún Haile Gebrselassie, ó sì fi mítà 2,000 borí gbogbo ayé. Gbogbo wọn ló gbọ́ orin náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ Haile ló bá mu. Ta ló bi àwọn yòókù ní orin tiwọn?