Òkun Inú Gíláàsì: Ìtàn Àwọn Tí Ó Mú Iyùn Wà Láàyè Nínú Ilé, 1832 sí 1961

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ iyùn láàárín àwa Yorùbá, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí iyùn tó di ìlẹ̀kẹ̀, ara ẹ̀dá abẹ̀mí kan nínú òkun ni. Lónìí, àwọn kan ń sin oríṣi iyùn ààyè nínú ilé, nínú àpótí gíláàsì tí kò gbà ju 40 lítà omi iyọ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a yẹ ìtàn bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ wò. Èrò wa ni pé ìtàn náà kì í ṣe ti àwọn tí ó kọ ìwé nípa rẹ̀ nìkan. Ti àwọn tí ó ń pọn omi, tí ó sì ń dà á, ni pẹ̀lú, ó sì yẹ kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì máa kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ kan ní Messina

Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Jeanne Villepreux-Power, a bí i ní 1794. Iṣẹ́ aránṣọ ni ó ń ṣe ní Paris kí ó tó fẹ́ ọkọ, tí wọ́n sì kó lọ sí Messina ní erékùṣù Sicily. Ní ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ń jiyàn nípa argonaut, ẹ̀dá òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ tí ó ní ìkarahun. Ṣé òun ni ó ń ṣe ìkarahun náà fúnra rẹ̀, tàbí ó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀dá mìíràn? Ní 1832, Villepreux-Power ṣe àpótí gíláàsì, ó kó argonaut sínú omi òkun nínú rẹ̀, ó sì ń wò wọ́n lójoojúmọ́. Ó rí i pé ẹ̀dá náà ni ó ń ṣe ìkarahun ara rẹ̀, tí ó sì ń tún ibi tí ó bá fọ́ ṣe. Òkú ẹ̀dá inú ìgò kò lè fi èyí han ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní London

Ní 1845, ìjọba Bìrìtìkó mú owó orí kúrò lórí gíláàsì, ó sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé lè rà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Anna Thynne rí iyùn ààyè ní etíkun Torquay. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànìnkànìn òkun kí wọ́n má baà máa forí gbárí lójú ọ̀nà, ó sì gbé wọn dé ilé rẹ̀ ní London.

Omi òkun ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Bí omi bá sì dúró sójú kan, ọ́síjìn inú rẹ̀ a máa dínkù, ẹ̀dá inú rẹ̀ a sì kú. Ohun tí Thynne ṣe ni pé ó ní kí a máa da omi náà láti inú ohun èlò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ obìnrin ni ó ń ṣe é. Ní 1847, ó fi ewéko òkun kún un, iyùn náà sì wà láàyè fún bí ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ń bí sí i.

Nínú àkọsílẹ̀ tí Thynne tẹ̀ jáde ní 1859, ó gbà pé iṣẹ́ náà ń rẹni, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ náà kà á sí eré. Orúkọ ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nínú ìtàn yìí, ọwọ́ àgbàlagbà nìkan ni a kọ sílẹ̀.

Orúkọ tí ó dúró, etíkun tí ó ṣófo

Orúkọ ọkùnrin ni ó gbajúmọ̀ lẹ́yìn èyí. Ní 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́mísírì, ṣàlàyé bí ẹja, ìgbín omi àti ewéko ṣe lè máa gbé pọ̀ nínú omi kan. Ní 1854, Philip Henry Gosse tẹ ìwé The Aquarium jáde, àwọn ènìyàn sì rọ́ lọ sí etíkun láti kó ẹ̀dá òkun wá sílé. Edmund, ọmọ Gosse, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1907 pé àwọn tí ìwé baba òun ru sókè ti kó etíkun náà tán.

Láti fèrèsé dé ẹ̀rọ

Ní 1961, Lee Chin Eng ní Indonesia ṣàlàyé ọ̀nà kan tí ó lo òkúta láti inú òkun pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí ń hó nínú omi. Bakitéríà orí òkúta náà ń sọ àmóníà inú ìgbẹ́ ẹja di náítíráìtì, lẹ́yìn náà náítíréètì, tí kò le tó o. Afẹ́fẹ́ tí ń hó náà ń ṣe iṣẹ́ tí ọmọ ọ̀dọ̀ Thynne ṣe.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò lé ọwọ́ ènìyàn lọ. Nǹkan bí 35 gíráàmù iyọ̀ ni ó wà nínú lítà omi òkun kan. Bí lítà méjì bá gbẹ kúrò nínú 40, iyọ̀ kò bá omi lọ, lítà kan yóò sì ní nǹkan bí 37 gíráàmù. Olùtọ́jú ní láti máa fi omi tí kò ní iyọ̀ dí i lójoojúmọ́. Bí àpótí bá ṣe kéré tó ni àìbìkítà ṣe ń tètè hàn tó.

Ìgúnlẹ̀

A dá a lábàá pé kí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ má ṣe sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ pé omi inú gíláàsì ń tọ́jú ara rẹ̀. Ìdánwò omi iyọ̀ tí ń gbẹ kò ju abọ́, iyọ̀ àti ìwọ̀n lọ, a sì lè ṣe é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì èyíkéyìí. Ní ìparí rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó pọn omi, tí ó wọn iyọ̀, tí ó sì fọ abọ́ sínú ìjábọ̀, títí kan òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí.