Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Aṣáájú Ẹ̀sìn, Ìpànìyàn àti Òfin, láti Àdéhùn Abẹ́òkúta (1852) dé Ìdájọ́ Ìkẹjà (2007)

1.0 Ìfáàrà

Nígbà tí aṣáájú ẹ̀sìn bá pa ènìyàn, ìbéèrè méjì ni ó máa ń dìde. Èkíní ni pé ta ni ó ṣe é. Èkejì ni pé ta ni kí òfin mú: ṣé ẹni tí ó ṣe é ni, tàbí ẹ̀sìn tí ó ń ṣáájú rẹ̀? Láàárín 1852 sí 2007, àwọn aláṣẹ ní ilẹ̀ Yorùbá dáhùn ìbéèrè kejì yìí ní ọ̀nà mẹ́ta. Ní Abẹ́òkúta ní 1852, àdéhùn láàárín ìlú méjì ni wọ́n fi dá ìfènìyànrúbọ dúró. Ní 1907, òfin ni wọ́n fi de ẹ̀sìn Ṣọ̀pọ̀nná lápapọ̀. Ní Ìkẹjà ní 2007, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n pè lẹ́jọ́, òun nìkan ni wọ́n sì dá lẹ́bi. Bébà yìí yẹ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀nà kẹta ni ó bá òwe àwọn àgbà mu pé ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí náà ní ohun tí ó ń béèrè: ọmọ-ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ yè, kí ó sì gbà láti sọ̀rọ̀.

2.0 Abẹ́òkúta: ikú ìdájọ́, ikú ètùtù àti ìpànìyàn

Kí ó tó ṣeé ṣe láti pe aṣáájú ẹ̀sìn kan ní apànìyàn, ó yẹ kí ìtumọ̀ ìpànìyàn ṣe kedere. Nínú ètò ìṣèlú Ẹ̀gbá àtijọ́, àwọn Ògbóni ìlú kọ̀ọ̀kan ni adájọ́, àwọn kan náà sì ni olùsìn ilẹ̀. Ilédì ni ẹjọ́ ńlá ti ń parí. Orò ni ó sì ń mú ìdájọ́ ṣẹ lórí ọ̀daràn tí ikú bá tọ́ sí. Lójú òfin Ẹ̀gbá, ẹni tí Orò gbé lọ ní ìbámu pẹ̀lú ìdájọ́ ilédì kú ikú òfin, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n yẹgi fún nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n lóde òní. Ẹni tí wọ́n fi rúbọ nítorí ìlú, ikú ètùtù ni ó kú. Ẹni tí wọ́n pa níkọ̀kọ̀ nítorí ìlara tàbí ohun ìní, ìpànìyàn ni wọ́n pè é, ì báà jẹ́ àwòrò ni ó ṣe é, ì báà jẹ́ àgbẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1852, kò pẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lu Èkó ní oṣù Ọ̀pẹ 1851, àwọn olóyè Ẹ̀gbá, tí Ṣàgbùà Òkúkẹ́nù jẹ́ olórí wọn, bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Abẹ́òkúta. Àdéhùn náà fòpin sí òwò ẹrú, ó fòpin sí fífi ènìyàn rúbọ, ó sì fún àwọn ajíhìnrere ní ààyè láti ṣiṣẹ́ wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1854, Òkúkẹ́nù yìí kan náà ni ó di Aláké.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú àdéhùn yìí ni irú ojú tí ó fi wo ọ̀ràn náà. Kò dárúkọ àwòrò kankan, kò sì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ìlú ni ó bá sọ̀rọ̀, àṣà ni ó sì kọ̀. Kò burú bẹ́ẹ̀, nítorí ìlú ni ó ń rú ẹbọ náà, àwọn olóyè ìlú ni ó sì lágbára láti dá a dúró. Àléébù ibẹ̀ ni pé àwọn òyìnbó tí ó kọ̀wé nípa ilẹ̀ yìí lẹ́yìn náà sábà máa ń da ikú ìdájọ́, ikú ètùtù àti ìpànìyàn pọ̀ mọ́ ara wọn, bí ẹni pé gbogbo ohun tí àwòrò bá fọwọ́ kàn ẹ̀jẹ̀ ni.

Agbára láti dá ẹjọ́ ikú kúrò lọ́wọ́ ilédì díẹ̀díẹ̀. Àdéhùn 1893 tí Gómìnà Carter fọwọ́ sí gbà pé Ẹ̀gbá dá dúró. Ìjọba Ẹ̀gbá tí wọ́n tò ní 1898, tí Aláké jẹ́ olórí rẹ̀, ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn 1904 gbé ẹjọ́ ìpànìyàn lé ilé ẹjọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nígbà tí ó sì di 1914, lẹ́yìn rògbòdìyàn Ìjẹmọ̀, òmìnira Ẹ̀gbá pàápàá parí. Láti ìgbà náà, adájọ́ kì í tún ṣe olùsìn ilẹ̀ mọ́.

3.0 Ṣọ̀pọ̀nná: ẹ̀sùn tí ó kan gbogbo ẹlẹ́sìn

Ọ̀nà kejì hàn nínú ọ̀ràn Ṣọ̀pọ̀nná. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown ní 1861, wọ iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba ní 1896. Ní 1897 wọ́n rán an lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìgbóná ti ń pa ènìyàn. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀nná láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ó bá wá. Ohun tí ó jáde wá sọ ni pé àwọn àwòrò kan máa ń ha èépá lára ẹni tí àrùn náà ń ṣe, tí wọ́n sì fi ń tan àrùn náà kálẹ̀. Àwòrò ni ó ń sin òkú ìgbóná, òun náà ni ó sì ń kó ẹrù olóògbé. Bí ọ̀rọ̀ Sapara bá rí bẹ́ẹ̀, ìpànìyàn ni èyí, pàápàá ní ìtumọ̀ ti ilédì àtijọ́: ikú ìkọ̀kọ̀, nítorí ohun ìní.

Ní 1907 ìjọba amúnisìn fi òfin de ẹ̀sìn Ṣọ̀pọ̀nná. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí òpìtàn kíyè sí níbí. Lọ́nà kìíní, ẹ̀sùn náà dúró gidigidi lórí ẹ̀rí ọkùnrin kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ àti onígboyà. Lọ́nà kejì, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ènìyàn ti mọ bí a ṣe ń mú díẹ̀ lára èépá ìgbóná, tí a ń fi sínú gbẹ́rẹ́ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí àrùn náà lè ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ó má baà pa á lẹ́yìn ọ̀la. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó jọ ara wọn ni ìdáàbòbò yìí àti ohun tí Sapara pè ní ìpànìyàn. Èrò ọkàn ẹni tí ó mú èépá náà lọ́wọ́ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ilé ẹjọ́ nìkan ni ó sì lè tú èrò ọkàn wò, lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin tí ó de ẹ̀sìn lápapọ̀ kò lè ṣe é; ẹni tí ó pànìyàn àti ẹni tí ó kàn ń bọ òrìṣà bàbá rẹ̀ wọnú àwọ̀n kan náà.

Lọ́nà kẹta, òfin náà kò mú ìgbóná kúrò nílẹ̀. Ìbupá káàkiri, tí ó le sí i láti 1967, ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1970 ni wọ́n rí ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Òfin 1907 ti wà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

4.0 Ìkẹjà: ẹ̀sùn tí ó kan ẹnì kan

Ọ̀nà kẹta ni ti ẹjọ́ Chukwuemeka Ezeugo, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Reverend King, olùdásílẹ̀ ìjọ Christian Praying Assembly ní Ajao Estate, ní Èkó. Ní ọjọ́ 22 oṣù Agẹmọ 2006, ó fẹ̀sùn àgbèrè kan ọmọ ìjọ rẹ̀ mẹ́fà, wọ́n da bẹntiróòlù sí wọn lára, wọ́n sì ṣáná sí wọn. Obìnrin kan nínú wọn kú ní ọjọ́ 2 oṣù Ògún. Nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún náà, ìjọba Èkó gbé e wá sílé ẹjọ́ pẹ̀lú ẹ̀sùn mẹ́fà: ọ̀kan jẹ́ ti ìpànìyàn, márùn-ún jẹ́ ti ìgbìyànjú láti pànìyàn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2007, Adájọ́ Joseph Oyewole ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìkẹjà rán an lọ sẹ́wọ̀n ogún ọdún nítorí ìgbìyànjú náà, ó sì dá ikú ìyẹgi fún un nítorí ìpànìyàn. Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 2013. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù Èrèlé 2016.

Ìjọ náà kọ́ ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa àgbèrè àti ìbáwí kò sí lórí ìjókòó ẹlẹ́ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni aṣọ àlùfáà kò dáàbò bo ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ohun tí ilé ẹjọ́ ń wá ni ohun tí ilédì àtijọ́ náà ń wá: ọwọ́ ta ni, èrò ọkàn wo, ẹ̀rí ta ni. Ẹ̀rí náà sì wá láti ẹnu àwọn tí iná jó. Ọmọ ìjọ ni wọ́n, ẹni tí ó jó wọn ni wọ́n ń pè ní bàbá nínú ẹ̀mí. Níbi tí ìgbọràn bá ti di ẹ̀sìn, kò rọrùn fún irú wọn láti dìde nílé ẹjọ́. Àwọn ọmọ ìjọ mìíràn kò kọ ọkùnrin náà sílẹ̀, àní lẹ́yìn ìdájọ́.

5.0 Níbi tí ẹlẹ́rìí kò sí

Iye tí ẹ̀rí yìí níye hàn nígbà tí wọ́n bá fi wé ibi tí kò ti sí. Ní Jonestown ní Guyana, ní oṣù Bélú 1978, àwọn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ó dín ọgọ́rùn-ún kú ní ìbùdó ìjọ Jim Jones, òun náà sì kú síbẹ̀. Ní Kanungu ní Uganda, ní oṣù Ẹrẹ́nà 2000, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ìjọ jóná nínú ilé ìsìn tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn aṣáájú tí wọ́n ń wá kò dé iwájú adájọ́. Ìtàn ti dá àwọn wọ̀nyí lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò gbọ́ ẹnu wọn. Ẹni tí ó bá pa gbogbo agbo pẹ̀lú ara rẹ̀ ti pa ẹjọ́ náà pẹ̀lú.

6.0 Ìkádìí

Àdéhùn 1852 bá ìlú wí nítorí ohun tí ìlú ń ṣe, ó sì tọ́ sí àsìkò rẹ̀. Òfin 1907 bá ẹ̀sìn wí nítorí ohun tí wọ́n ní àwọn àwòrò kan ṣe. Ó fi àbàwọ́n sí ara ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kàn, àrùn náà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdájọ́ 2007 gé ìka tí ó ṣẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún òpìtàn ni pé kí ó má ṣe gba orúkọ tí aláṣẹ fún ẹ̀sìn kan bí ẹ̀rí sí ọrùn olùsìn kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn aṣòfin yàtọ̀: bí wọ́n bá fẹ́ kí aṣáájú ẹ̀sìn tí ó bá pànìyàn má bọ́, ẹni tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bò jù lọ ni ọmọ-ẹ̀yìn tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀.