Ìfowópamọ́

Nígbà tí àwọn baba wa bá sọ pé àwọn fi owó pamọ́, ìkòkò tí a rì mọ́ ilẹ̀ ìyẹ̀wù ni wọ́n ní lọ́kàn, níbi tí owó ẹyọ tí a kó síbẹ̀ gan-an ni a óò tún bá. Ṣùgbọ́n ti báǹkì yàtọ̀ pátápátá, nítorí láti ìgbà tí a bá ti ka owó lé akọ̀wé lọ́wọ́ ni ó ti di ti báǹkì, tí báǹkì sì di onígbèsè wa, gẹ́gẹ́ bí àwọn adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ Foley àti Hill ní 1848. Inú owó yìí ni ó ti ń yá àwọn oníṣòwò, tí ó ń gba èlé lọ́wọ́ wọn, tí ó sì ń bù díẹ̀ fún wa. Èyí kì í ṣe olè jíjà rárá. Síbẹ̀, bí gbogbo wa bá dé láti gba owó wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo, owó ọwọ́ báǹkì kò lè kárí. Nítorí náà ni ìjọba Nàìjíríà ṣe dá àjọ NDIC sílẹ̀, èyí tí ó ń san owó fún wa bí báǹkì bá wó, tí kò ju ₦500,000 lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó di ₦5,000,000 ní 2024.