Awọ Dúdú Nínú Ooru: Àwọn Ọmọbìnrin Rọ́ọ̀kì ní Ẹ̀ẹ̀rùn Ọdún 1976

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 1976, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú Cheltenham, ooru mú débi pé òṣùwọ̀n gun 35.9°C, èyí tó ga jù lọ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Ní Hastings, ìlú kan létí òkun, ẹgbẹ́ olórin kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì mọ̀, Sex Pistols, kọrin nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ sórí afárá etí òkun. Èrò kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó wá wòran ni ọmọbìnrin kan tó pé ọmọ ọdún 19 lọ́jọ́ náà gan-an, Marianne Elliott. Ọmọ ilẹ̀ Somalia ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà tó fi dá ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ sílẹ̀, X-Ray Spex, tó sì sọ ara rẹ̀ ní Poly Styrene.

Àwọn kan ti kọ̀wé nípa ooru ọdún náà, àwọn mìíràn sì ti kọ̀wé nípa pọ́ǹkì, ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì tó gbòde ní London lọ́dún yẹn. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ so méjèèjì pọ̀. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí àwọn ọmọbìnrin kan fi ń wọ awọ dúdú, rọ́bà àti ike nígbà tí ilẹ̀ ń gbẹ, tí odò ń fà? Ìdáhùn mi ni pé wọn kò wọ aṣọ náà nítorí ojú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ sọ, ooru kò sì tó ohun tó lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ooru náà ti tó. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Bí òṣùwọ̀n bá wà ní 32°C lọ́sàn-án oṣù Kejì, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ nínú ìròyìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òtútù ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé wọn ni wọ́n kọ́ láti há ooru mọ́ inú, kì í ṣe láti lé e jáde. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 7 oṣù Keje, ọjọ́ 15 gbáko ni òṣùwọ̀n fi ń ga ju 32°C lọ níbì kan tàbí òmíràn nílẹ̀ náà. Láti ọdún tó ṣáájú ni òjò ti ṣọ̀wọ́n. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ilé aṣòfin ṣe òfin ọ̀gbẹlẹ̀, ìjọba sì ní kí mínísítà kan, Denis Howell, máa bójú tó ọ̀rọ̀ àìrómi náà. Ní àwọn apá kan Wales àti Devon, àwọn ènìyàn ń gbé korobá lọ sídìí ẹ̀rọ omi ojú títì, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ nílé.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni aṣọ rọ́ọ̀kì kò ti bá irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mu. Alùpùpù ni wọ́n ṣe jákẹ́ẹ̀tì awọ dúdú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì fún. Ní ọdún 1928, Irving Schott ní New York ṣe irú rẹ̀ kan tó pè ní Perfecto. Síìpù ló fi sí iwájú rẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gba àyà ẹni tó ń sáré lórí alùpùpù, awọ rẹ̀ tó nípọn sì ń gba ara lọ́wọ́ ọgbẹ́ bí ẹni náà bá ṣubú. Ní ọdún 1953, Marlon Brando wọ irú jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù The Wild One. Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí wọ́n fi í hàn níbẹ̀ títí di ọdún 1967. Bẹ́ẹ̀ ni awọ dúdú ṣe di àmì ọmọkùnrin olórí kunkun.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọkùnrin ni mo sọ. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn alùpùpù ni àyè ọmọbìnrin. Ó di ọdún 1973 kí Suzi Quatro, ọmọ ìlú Detroit, tó jáde sójú agbo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gìtá béèsì ní ọrùn rẹ̀, aṣọ awọ tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ní ara rẹ̀. Orin rẹ̀, "Can the Can", gba ipò kìíní lórílẹ̀-èdè náà ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Ọkùnrin ló ń lu ìlù lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló wà níwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá gbóná ni ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní nọ́ńbà 430, King's Road, ní London. Vivienne Westwood, tó ti ṣe olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, àti Malcolm McLaren ló ń tajà níbẹ̀, wọ́n sì fún ṣọ́ọ̀bù náà ní orúkọ tó ń ti àgbàlagbà lójú láti pè. Ọmọbìnrin tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ni Pamela Rooke, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Jordan. Ìlú Seaford, létí òkun, ló ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá síbi iṣẹ́. Irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó fi àwọ̀ dúdú yí ojú rẹ̀ ká, aṣọ rọ́bà sì wà lára rẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ a máa bú u. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ a máa mú òun lọ sí ìjókòó àwọn olówó kí wàhálà má bàa ṣẹlẹ̀. Mo rò ó títí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tí kò ju alátajà ṣọ́ọ̀bù lọ, aṣọ rẹ̀ ló gbé e dé ìjókòó tí owó rẹ̀ kò ká.

Ṣé ooru kò mú irú wọn ni? Rọ́bà kì í fa òógùn, awọ tó nípọn kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Ṣùgbọ́n aṣọ pọ́ǹkì kì í ṣe awọ àti rọ́bà nìkan. Àlùmọ́gàjí ló ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Tíṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gé apá rẹ̀ kúrò, tí wọ́n ń ya á láyà, tí wọ́n tún ń fi píìnì so ibi tó ya. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó ní ihò bí àwọ̀n apẹja ni wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Westwood àti McLaren fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan rán ṣẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ìyá ológì lè fi sẹ́ ògì, wọ́n sì tẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ líle sí i lára. N kò sọ pé nítorí ooru ni wọ́n ṣe ya aṣọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ihò ni ihò ń jẹ́, atẹ́gùn kì í bèèrè ìdí tí wọ́n fi dá a lu.

Àwọ̀ dúdú fúnra rẹ̀ kò burú tó bí a ti ń rò. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Nature nípa ìdí tí àwọn Bẹ́dúínì fi ń wọ ẹ̀wù dúdú nínú aṣálẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀wù dúdú ń gba oòrùn ju funfun lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀wù náà tóbi, tí kò lẹ̀ mọ́ ara, ooru tó ṣẹ́kù náà ń tú dànù kó tó dé awọ ara. Bí aṣọ bá ṣe fẹ̀ tó ṣe pàtàkì bíi àwọ̀ rẹ̀. Tíṣẹ́ẹ̀tì dúdú tó gbòòrò, tó sì ya, kì í ṣe ìyà. Jákẹ́ẹ̀tì awọ tó fún mọ́ ara ni ìyà.

Síbẹ̀, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì náà. Kí ni wọ́n ń sọ? Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1975, òfin méjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀kan ní kí owó iṣẹ́ obìnrin bá ti ọkùnrin dọ́gba bí iṣẹ́ wọn bá dọ́gba, èkejì sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi obìnrin dù ú ní iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ẹ̀yáwó. Ṣáájú ìgbà náà, obìnrin tó ń gba owó oṣù lè dé báńkì kí wọ́n ní kó lọ mú ọkùnrin wá ṣe onígbọ̀wọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1976 ni ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tuntun náà. Ṣùgbọ́n iye àwọn tí kò níṣẹ́ ti lé ní mílíọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń jáde níléèwé láìsí ibi tí wọ́n máa lọ. Òfin ní o dọ́gba, ìgboro ní o kò tíì dọ́gba. Àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ọmọbìnrin pọ́ǹkì dúró sí. Àwọn ìwé ìròyìn àwọn obìnrin ń kọ́ ọ bí a ti ń wọ aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn tó fúyẹ́, tó ní òdòdó lára, kí ojú lè máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdùnnú. Ó yan aṣọ tí ojú máa sá fún.

Ẹnìkan lè sọ pé ọjà ni gbogbo rẹ̀, pé Westwood àti McLaren kan ń ta aṣọ yíya lówó gọbọi ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Poly Styrene ti rí i ṣáájú wa. Òun náà ní ìsọ̀ kan ní ọjà Beaufort lójú King's Road kan náà, níbi tó ti ń ta aṣọ àti nǹkan ọ̀ṣọ́ aláwọ̀ títàn. Orúkọ irú ike kan ló fi ṣe orúkọ ara rẹ̀, ó ń kọrin nípa bí wọ́n ti ń ta ohun gbogbo fún ènìyàn, ó sì fi wáyà eyín rẹ̀ rẹ́rìn-ín níwájú èrò. Ari Up, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, jẹ́ ọmọ ọdún 14 péré nígbà tó di akọrin The Slits lọ́dún 1976. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, Siouxsie Sioux gun orí ìtàgé 100 Club ní London láìtíì kọrin ní gbangba rí. Kò sí èyí tó dúró de ìyọ̀ǹda nínú wọn.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí wa tó bí ó ti dà bíi pé ó jẹ́. Àbúrò màmá mi kan fẹ́ràn aṣọ dúdú: tíṣẹ́ẹ̀tì dúdú, jíǹsì tó ya lórúnkún, bàtà onídè gíga. Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ kan lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá a padà kó tó bèèrè orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ló wá bá wọn tún ṣe. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ẹ̀ṣọ́ náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Nílé, ìbéèrè ti màmá àgbà yàtọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ooru kì í mú ọ ni?"

Àǹtí mi dá wọn lóhùn pé, "Ó ń mú mi, Mọ́mì. Ṣé ooru ò mú ẹ̀yin náà ni?"

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù Kẹta. Màmá àgbà ti múra ìgbéyàwó tán: ìró àti bùbá aṣọ òkè, ìborùn, gèlè tó ga bí òkè, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, òógùn ní ọrùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé torí ojú ọjọ́ ni a ṣe ń wọ aṣọ òkè. Ìyì la fi ń wọ̀ ọ́, a sì ti gbà láti làágùn fún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni pé ẹbí ló yan aṣọ màmá àgbà, àǹtí mi ló sì yan tirẹ̀.

Ní ọdún 1976 yẹn kan náà, àwọn ìbejì Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu gbé àwo Danger jáde níhìn-ín, pẹ̀lú gìtá rọ́ọ̀kì, àti èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin tó ń kọ orin tirẹ̀, tó sì wà níwájú ẹgbẹ́, kò wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ orin wa nígbà náà, bí kò ti wọ́pọ̀ ní London.

Ní òpin oṣù Kẹjọ, òjò rọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gbẹlẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìtàn. Aṣọ náà kò tẹ̀ lé e lọ. Mo ti rí tíṣẹ́ẹ̀tì Ramones nínú òkìríkà lọ́jà wa, ẹni tó ń tà á kò sì mọ̀ pé orúkọ ẹgbẹ́ olórin ni. Kò burú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá rà á mọ̀ ni pé àwọn ọmọbìnrin kan ti fi ara wọn san lára owó aṣọ náà, nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ti ń bú wọn, lábẹ́ oòrùn tí kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Àwọn yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pinnu pé àwọn fúnra wọn ló máa yan èyí tí ayé máa kí.